Ìdábùú, Nínípọn àti Líle: Ọ̀rọ̀ fún Yíyan Tìmùtìmù Ẹ̀rọ Amọ́dàdán

Ìfáárà

Nígbà tí àwọn onímọ̀ Yorùbá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ fún ìmọ̀ ìgbàlódé, inú kíláàsì ni wọ́n kọ́kọ́ kọjú sí. Ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́fà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1970 mú kí a rí ọ̀rọ̀ lò fún ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ jáde ní 1984, ìpín kejì tí Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀ sì tẹ̀lé e ní 1990. Ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni ni àwọn ìwé náà dá lé. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ní tiwọn kò dúró de ìwé kankan. Ojoojúmọ́ ni irinṣẹ́ titun ń tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́, bí ó bá sì ti dé ni wọ́n ń fún un lórúkọ. Nínú irú orúkọ bẹ́ẹ̀, òmíràn péye, òmíràn sì ń ṣi ni lọ́nà.

Àpilẹ̀kọ yìí yẹ ọ̀kan wò nínú àwọn tí ó ń ṣi ni lọ́nà, èyí tíí ṣe ọ̀rọ̀ náà "ìwọ̀n" bí a ti ń lò ó nígbà tí a bá ń yan tìmùtìmù tí a fi ẹ̀rọ mú ọ̀dà ara ọkọ̀ dán. Kókó rẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí bo ohun mẹ́ta mọ́lẹ̀, àti pé ẹni tí kò bá ya àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀ lè ba ọ̀dà ọkọ̀ olówó jẹ́ láìmọ ibi tí àṣìṣe ti wọlé.

Ìbà àti àwọn ọkọ̀ rẹ̀

Ìbà Housing Estate, ní ẹkùn Òjó ní Ìpínlẹ̀ Èkó, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ilé mẹ̀kúnnù tí ìjọba Lateef Jákàńdè kọ́ láàrin 1979 sí 1983. Kò jìnnà sí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, tí ìjọba kan náà dá sílẹ̀ ní 1983, kò sì jìnnà sí Òkókómáikò ní ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Àgbádárìgì. Lójú ọ̀nà márosẹ̀ yẹn, ní Òjó, ni ilé-iṣẹ́ Volkswagen ti Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní 1975. Ọkọ̀ tí wọ́n tò níbẹ̀ tí gbogbo ayé mọ̀ jù ni èyí tí àwọn ènìyàn sọ ní ìjàpá, nítorí pé ẹ̀yìn rẹ̀ rí rìbìtì bí igbá ìjàpá. Lójú ọ̀nà kan náà ni ọjà àwọn tí ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ wà, nínú ọgbà Trade Fair, èyí tí a mọ̀ sí Aspamda.

Ìdí tí ibi yìí fi bá ọ̀rọ̀ wa mu ni pé oríṣìíríṣìí ọkọ̀ ni pẹ́ńtà mọ́tò ń bá pàdé níbẹ̀. Ìjàpá tí ó ti dàgbà ní ara rìbìtì. Dánfó ní ẹ̀gbẹ́ gbọọrọ. Tòkunbọ̀ òde òní ní bọ́ńpà oníke tí ó kún fún kọ̀rọ̀ àti ìlà. Eruku ọyẹ́ àti iyanrìn ń bà lé gbogbo wọn, bí a bá sì fi àkísà gbígbẹ nù wọ́n, iyanrìn náà yóò ha ọ̀dà wọn. Nígbà tí oòrùn bá tàn sí i, ìlà kéékèèké yóò yọ bí òwú aláǹtakùn. Ìlà wọ̀nyí ni a ń fi ẹ̀rọ pa rẹ́, ara ọkọ̀ tí ó rí rìbìtì àti èyí tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ kò sì lè gba tìmùtìmù kan náà.

Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀dà

Kí a tó lè yan ọ̀rọ̀, ó yẹ kí a mọ iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà yóò ṣe. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní, ọ̀dà pín sí ìpele mẹ́ta lórí irin. Ọ̀dà ìpìlẹ̀ ni ó fara kan irin. Ọ̀dà aláwọ̀ tẹ̀lé e. Ọ̀dà aláìláwọ̀, tí ó mọ́ gaara bí dígí, ni ó bo gbogbo rẹ̀. Àpapọ̀ wọn sábà máa ń nípọn tó ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà tàbí kí ó lé díẹ̀. Ọ̀dà aláìláwọ̀ nìkan kò ju nǹkan bí 40 sí 50 nínú ìdá ẹgbẹ̀rún mìlímítà kan lọ: kò nípọn tó fọ́nrán irun orí kan.

Dídán kì í ṣe ohun tí a fi kún ọ̀dà. Bí ojú ọ̀dà bá tẹ́ pẹrẹsẹ, ìmọ́lẹ̀ yóò ta padà ní ojú kan, ojú yóò sì rí i pé ó dán. Bí ìlà bá wà níbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ yóò fọ́n káàkiri, ọ̀dà yóò sì ṣú. Iṣẹ́ tìmùtìmù àti ìpara rẹ̀ ni láti họ díẹ̀ kúrò lójú ọ̀dà títí tí ojú náà yóò fi sọ̀ kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀ ìlà. Nítorí náà gbogbo ìmúdán jẹ́ ìdínkù. Èyí tí a bá họ kò ní padà mọ́. Bí ọ̀dà aláìláwọ̀ bá tán ní ojú kan, kò sí ìpara tí ó lè dá a padà. A ó tún ibẹ̀ kùn ni. Níbi tí nǹkan bá ti fẹ́lẹ́ tó báyìí, àṣìṣe kékeré nínú ọ̀rọ̀ kì í ṣe ohun kékeré.

Orúkọ ẹ̀rọ àti orúkọ tìmùtìmù

Ọ̀rọ̀ ìṣe tí ó kọ́kọ́ wá sọ́kàn fún iṣẹ́ yìí ni "dán". Ṣùgbọ́n bí a bá fi àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ì- ṣẹ̀dá "ìdán" láti ara rẹ̀, ohùn nìkan ni yóò yà á sọ́tọ̀ kúrò lára "idán" tí àwọn onídán ń pa, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìwé kì í fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀. Ó sàn kí a tẹ̀lé ipa ọ̀nà tí èdè ti là sílẹ̀ nínú "amúlétutù" àti "amóhùnmáwòrán". Láti inú "mú ọ̀dà dán" ni "amọ́dàdán" ti jáde. Ẹ̀rọ amọ́dàdán ni ẹ̀rọ tí ń mú ọ̀dà dán. A sì lè pe iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ní "ìmúdán".

Ohun tí ẹ̀rọ náà ń yí lójú ọ̀dà ni àwọn kan ń pè ní páàdì. Páàdì ti ní iṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tí ń tún bíréèkì ṣe, ó sì tún ní òmíràn lọ́dọ̀ àwọn obìnrin. Àwọn mìíràn pè é ní fóòmù, ṣùgbọ́n òmíràn nínú wọn jẹ́ irun àgùntàn, òmíràn sì jẹ́ aṣọ onífọ́nrán wẹ́wẹ́. Orúkọ tí ó bá ti ara ohun èlò kan wá kò lè gba ìyókù mọ́ra. "Tìmùtìmù" ni ó bá gbogbo wọn mu, nítorí pé ohun rírọ̀ tí ó dúró láàrin ohun líle àti ohun tí a kò fẹ́ kí ó fara pa ni tìmùtìmù ní gbogbo ibi tí Yorùbá ti ń lò ó. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwo pẹlẹbẹ kan wà tí ó so mọ́ ẹ̀rọ. Ìkọ́ kéékèèké tí ó dà bí àlẹ̀mọ́ bàtà ọmọdé ni ó fi ń di tìmùtìmù mú. "Àwo ìtìlẹ́yìn" ni a lè pe èyí.

Ẹ̀rọ pín sí oríṣì méjì. Ti àkọ́kọ́ ń yí bírí lójú kan bí òkòtò tí ọmọdé ta, tí ó dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀: ẹ̀rọ oníyíyí-kan ni. Ti ìkejì ń yí, àárín rẹ̀ sì tún ń rìn yípo, bí òkòtò tí ń yí tí ó sì ń rá bàbà kiri ilẹ̀: ẹ̀rọ oníyíyí-méjì ni. Bí àárín rẹ̀ ti ń yẹ̀ tó ni a pè ní "ìyẹsẹ̀". 8, 15 àti 21 mìlímítà wà lára àwọn ìyẹsẹ̀ tí ó wọ́pọ̀.

Íǹṣì márùn-ún mẹ́ta

Ẹ jẹ́ kí a wo ọmọṣẹ́ kan tí ọ̀gá rẹ̀ rán láti Ìbà lọ sí ọjà. Ọ̀gá ní, "Lọ ra tìmùtìmù tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ íǹṣì márùn-ún wá." Ọmọṣẹ́ náà dé ọjà, ó sì bá ohun mẹ́ta tí wọ́n kọ 5 sí lára. Àkọ́kọ́ jẹ́ tìmùtìmù tí ojú rẹ̀ fẹ̀ tó íǹṣì 5 géérégé. Ìkejì jẹ́ tìmùtìmù tí ojú rẹ̀ fẹ̀ tó íǹṣì 5½, ṣùgbọ́n tí wọ́n kọ 5 sí nítorí pé àwo ìtìlẹ́yìn oníńṣì 5 ni ó wà fún. Ìkẹta jẹ́ àwo ìtìlẹ́yìn gan-an. Èyí tí ó bá mú nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò ṣẹ̀ sí àṣẹ ọ̀gá rẹ̀, síbẹ̀ ọ̀kan ṣoṣo ni ó tọ́ fún iṣẹ́.

Ká ní ó mú àkọ́kọ́, tí àwo ìtìlẹ́yìn tí ó wà lára ẹ̀rọ ọ̀gá sì jẹ́ íǹṣì 5. Etí àwo àti etí tìmùtìmù yóò wà ní ojú kan náà. Bí ẹ̀rọ bá yẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ dígí tàbí ìtẹ̀ ilẹ̀kùn, etí àwo líle ni yóò bá ọ̀dà pàdé. Ìdí nìyí tí tìmùtìmù fi gbọ́dọ̀ fẹ̀ ju àwo rẹ̀ lọ díẹ̀, ó kéré tán bí ìdajì íǹṣì. Bí ó bá sì fẹ̀ jù ú lọ púpọ̀, etí tìmùtìmù yóò máa gbọ̀n pẹ̀pẹ̀, yóò sì gbóná láìṣiṣẹ́. Nínú ẹ̀rọ oníyíyí-méjì, ewu kejì tún wà: irin adọ́gba inú ẹ̀rọ náà ni a ṣe ní ìbámu pẹ̀lú àwo àti tìmùtìmù tí ó bá a wá, bí a bá sì fi èyí tí ó yàtọ̀ púpọ̀ sí i, ẹ̀rọ yóò máa gbọn ọwọ́ ẹni tí ó dì í mú.

Ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí ọ̀gá lò ni "ìdábùú", tíí ṣe ìlà tí ó la àárín òbìrìkìtì já láti etí kan dé èkejì. Ṣùgbọ́n ìdábùú nìkan kò tó; a gbọ́dọ̀ sọ ìdábùú ohun tí a ń wí. "Ìdábùú ojú" jẹ́ ti tìmùtìmù. "Ìdábùú àwo" jẹ́ ti àwo ìtìlẹ́yìn. Bí ọ̀gá bá ní, "Ìdábùú ojú íǹṣì 5½, fún àwo oníńṣì 5," ọmọṣẹ́ kò ní ṣìnà mọ́.

Ohun tí ìdábùú ń ṣe

Ìdábùú kàn án ju bóyá tìmùtìmù wọ ẹ̀rọ lọ. Ọ̀nà méjì ni ó fi ń yí agbára iṣẹ́ padà, ìṣirò kékeré sì lè fi wọ́n hàn fún akẹ́kọ̀ọ́.

Ọ̀nà kìíní ni fífẹ̀ ojú. Tìmùtìmù oníńṣì 3 fẹ̀ tó nǹkan bí íǹṣì 7 níbùú lóròó. Ti íǹṣì 6 fẹ̀ tó nǹkan bí 28. Ìdábùú di ìlọ́po méjì, fífẹ̀ ojú di ìlọ́po mẹ́rin. Bí ọwọ́ ènìyàn bá tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú agbára kan náà, ojú kọ̀ọ̀kan lábẹ́ èyí kékeré yóò gba ìlọ́po mẹ́rin ohun tí ó ń gbà lábẹ́ èyí ńlá. Àní láàrin 5½ àti 6½, tí ó dà bí ẹni pé kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, èyí ńlá fi nǹkan bí ìdá méjì nínú márùn-ún fẹ̀ jù. Ìdí nìyí tí tìmùtìmù kékeré fi ń họ ọ̀dà kíákíá lójú kan, tí èyí ńlá sì ń bo ilẹ̀ púpọ̀ ṣùgbọ́n tí ó nílò ẹ̀rọ tí ó lágbára.

Ọ̀nà kejì ni eré etí. Nínú ẹ̀rọ oníyíyí-kan tí ń yí ní ìgbà 1,500 ní ìṣẹ́jú kan, etí tìmùtìmù oníńṣì 6 ń sá tó mítà 12 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ti íǹṣì 3 ń sá tó mítà 6. Eré ń bí ooru, ooru sì ń rọ ọ̀dà. Nítorí náà, ẹni tí ó bá pààrọ̀ tìmùtìmù kékeré sí ńlá láìdín eré ẹ̀rọ kù ti yí iṣẹ́ padà láìmọ̀. Ẹ̀rọ gíráǹdà tí a fi ń gé irin burú jù lọ fún iṣẹ́ yìí, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ń yí ju ìgbà 10,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan, nígbà tí ẹ̀rọ amọ́dàdán oníyíyí-kan kì í sábà kọjá 3,000.

Nínípọn àti líle

Ìwọ̀n kejì tí "ìwọ̀n" ń bò mọ́lẹ̀ ni nínípọn. Tìmùtìmù méjì lè ní ìdábùú kan náà kí ọ̀kan nípọn ju èkejì lọ. Èyí tí ó nípọn máa ń tẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀ rìbìtì, ṣùgbọ́n nínú ẹ̀rọ oníyíyí-méjì ó ń gbé ìyẹsẹ̀ ẹ̀rọ mì: òkè rẹ̀ ń rìn, ojú rẹ̀ tí ó kan ọ̀dà kò rìn tó bẹ́ẹ̀. Èyí tí ó tín-ín-rín ń gbé ìrìn ẹ̀rọ dé ojú ọ̀dà dáradára. Àṣà kan wà tí ó dára fún kíkọ́ni: kí a fi bírò dúdú fa ìlà kan sí ẹ̀gbẹ́ àwo ìtìlẹ́yìn. Bí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́, tí ìlà náà sì dúró tí ó ń gbọ̀n lójú kan, yíyí ti kú, ìyẹsẹ̀ nìkan ni ó kù. Nígbà náà a ó dín títẹ̀ kù, tàbí kí a mú tìmùtìmù tí ó kéré tàbí tí ó tín-ín-rín ju èyí lọ.

Ìwọ̀n kẹta ni líle. Ọjà ń fi àwọ̀ sọ èyí: ọsàn, funfun, dúdú, búlúù. Ibí ni kí olùkọ́ àti òǹgbufọ̀ ti ṣọ́ra jù. Àwọn tí ń ṣe tìmùtìmù kò fohùn ṣọ̀kan lórí àwọ̀; àwọ̀ tí ó jẹ́ líle lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan lè jẹ́ rírọ̀ lọ́dọ̀ òmíràn. Bí ìwé Yorùbá bá kọ "tìmùtìmù funfun", ó ti fi ohun tí kò dúró ṣe ìpìlẹ̀. Iṣẹ́ ni kí a fi sọ wọ́n lórúkọ: "tìmùtìmù ìhọ" fún èyí tí ń mú ìlà jíjìn kúrò, "tìmùtìmù ìmúdán" fún èyí tí ó tẹ̀lé e, àti "tìmùtìmù ìparí" fún èyí tí ó rọ̀ jù, tí ń nu àmì tí àwọn méjì ìṣáájú fi sílẹ̀.

Yíyan ní ìbámu pẹ̀lú ara ọkọ̀

Bí a bá ti ya àwọn ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ báyìí, ìlànà yíyan rọrùn láti sọ. Fún bọ́nẹ́ẹ̀tì, ilẹ̀kùn àti búùtù ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ìdábùú ojú íǹṣì 5 sí 5½ ni ó mọ níwọ̀n. Bí ènìyàn yóò bá ra ẹyọ kan, èyí ni kí ó rà. Fún òrùlé jíìpù àti ẹ̀gbẹ́ dánfó, íǹṣì 6½ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yóò yára, bí ẹ̀rọ bá lágbára tó. Fún òpó ẹ̀gbẹ́ dígí, abẹ́ iná, kọ̀rọ̀ bọ́ńpà àti ibi tí ọwọ́ ilẹ̀kùn wà, íǹṣì 3 ni ó bá a mu. Fún ìjàpá, tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ibi tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ, èyí ńlá yóò máa fi etí kan ṣoṣo kan ọ̀dà. Kékeré tàbí èyí tí ó mọ níwọ̀n, tí ó rọ̀, ni kí a lò. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ ni kò sì ní ọ̀dà aláìláwọ̀ rárá. Lára irú wọn, tìmùtìmù yóò gba àwọ̀ ọkọ̀ mọ́ra. Kí ọmọṣẹ́ má bẹ̀rù èyí, ṣùgbọ́n kí ó mọ̀ pé ọ̀dà aláwọ̀ gan-an ni òun ń họ.

Ìkìlọ̀ méjì bá tìmùtìmù kékeré rìn. Ibi tí a ti ń lò ó jù ni etí àti kọ̀rọ̀, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀dà ti ń fẹ́lẹ́ jù, nítorí pé ọ̀dà tútù máa ń fà sẹ́yìn kúrò ní etí kí ó tó gbẹ. Ìkejì ni pé bọ́ńpà oníke kì í tan ooru ká bí irin. Ooru a dúró lójú kan títí ọ̀dà yóò fi jóná. Kékeré kò túmọ̀ sí pẹ̀lẹ́. Ẹni tí ó bá rò pé tìmùtìmù kékeré kò lè ṣèpalára, ìṣirò fífẹ̀ ojú tí a ṣe lókè ni kí ó padà sí.

Ìgúnlẹ̀

Òfin mẹ́ta ni a lè fa yọ fún ẹni tí ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ fún iṣẹ́ ọwọ́. Àkọ́kọ́, níbi tí ohun méjì bá ti lè ṣèpalára bí a bá gbé ọ̀kan fún èkejì, orúkọ méjì ni kí wọ́n ní. Ìdí nìyí tí ìdábùú ojú fi yàtọ̀ sí ìdábùú àwo. Ìkejì, kí orúkọ wá láti ara iṣẹ́, kí ó má wá láti ara àwọ̀ tàbí ohun èlò tí ilé-iṣẹ́ lè pààrọ̀ lọ́la. Ìdí nìyí tí a fi yan ìhọ, ìmúdán àti ìparí. Ìkẹta, kí ọ̀rọ̀ náà rọrùn lẹ́nu ọ̀gá àti ọmọṣẹ́, nítorí pé wọ́n ni yóò lò ó nínú ariwo ẹ̀rọ.

"Ìwọ̀n" kò burú. Ọ̀rọ̀ gbogboogbò ni, ó sì yẹ kí ó wà bẹ́ẹ̀: ìdábùú jẹ́ ìwọ̀n, nínípọn jẹ́ ìwọ̀n, líle náà ṣe é wọ̀n. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀gá bá rán ọmọṣẹ́ níṣẹ́, ọ̀rọ̀ gbogboogbò kò tó. Bí Yorùbá ti ní àdá, ọ̀bẹ àti abẹ, tí kò sì sí ẹni tí yóò fi àdá fá irun, bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí olùkọ́ iṣẹ́ ọwọ́ fi ìdábùú ojú, ìdábùú àwo, nínípọn àti líle lé ọmọṣẹ́ lọ́wọ́ ní ọjọ́ kan náà tí ó bá fi ẹ̀rọ lé e lọ́wọ́.